Ilé-ìwé itòsí kọ́ ni ilé-ìwé tí kò wọ́n

Bí ìgbà fọ́ọ̀mù JAMB bá ti wọlé dé, kí àwọn òbí tó lọ sí ibùdó CBT, ọ̀pọ̀ wọn máa ń kọ́kọ́ yà sí ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà mi ní Òkè-Fìà, Òṣogbo. Gbólóhùn kan náà ló máa ń wà lẹ́nu wọn: “Ti ìpínlẹ̀ wa ni kó kọ. Itòsí ni, ilé ni yóò ti máa lọ.” Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu bàbá onítakisí, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu tíṣà tó yẹ kó mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òótọ́ ni fún àwọn kan. Fún ọ̀pọ̀ wọn, irọ́ pátápátá ni, wọn ò sì ní mọ̀ títí àdìmíṣọ̀n yóò fi jáde.

Ẹ wo UNIOSUN, yunifásítì ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, torí òun gan-an ni wọ́n ń pè ní itòsí. Láti 2006 tí wọ́n ti dá a sílẹ̀, kì í ṣe Òṣogbo nìkan ni wọ́n fi í sí. Kámpọ́ọ̀sì mẹ́fà ló ní. Ẹni tó fẹ́ ka ìmọ̀ ìlera tàbí ẹnjiníà, Òṣogbo níbí ni, kó máa wọ kọ̀rópé lọ. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ àgbẹ̀ wà ní Èjìgbò, ẹ̀kọ́ ìṣàkóso wà ní Òkukù, ti èdè àti àṣà wà ní Ìkirè, ti iṣẹ́ tíṣà wà ní Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà. Òfin ńkọ́? Ifẹ̀tẹ̀dó. Ọmọ Òṣogbo tó ń lọ sí Ifẹ̀tẹ̀dó yóò kọ́kọ́ dé Ilé-Ifẹ̀, yóò fi OAU, yunifásítì ìjọba àpapọ̀, sílẹ̀ níbẹ̀, kó tó forí lé ọ̀nà Oǹdó. OAU sì rèé, àwọn náà ń kọ́ òfin. Ìyẹn ni pé ó kọjá ilé-ìwé tí wọ́n ní ó jìnnà, kó tó dé èyí tí wọ́n ní ó wà nítòsí.

Ìyá kan tó ń ta èlùbọ́ ní Ọjà Ọba mú ọmọ rẹ̀ obìnrin wá bá mi. Lọ́ọ̀yà lọmọ fẹ́ dà. Mo ní, “Màmá, ibo lẹ rò pé wọ́n ti ń kọ́ òfin?”

“Ṣebí kámpọ́ọ̀sì Òkè-Baálẹ̀ níbí náà ni.”

Nígbà tí mo dárúkọ Ifẹ̀tẹ̀dó, ó wo ọmọ, ọmọ wolẹ̀. Mo fa bébà kan yọ nínú prínta, mo fi bírò là á sí méjì. Lápá kan mo kọ owó ilé-ìwé, èyí tí gbogbo ayé máa ń béèrè. Lápá kejì mo kọ ohun tí wọn kì í béèrè: owó àsẹ́ẹ́pítáǹsì, owó ilé, ọkọ̀, oúnjẹ, dátà, ìwé, aṣọ dúdú àti funfun tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òfin ń wọ̀. Apá kejì kún, mo ní láti yí bébà padà.

Àwọn kan á ní kó máa lọ kó máa bọ̀. Ó dáa, ẹ jẹ́ ká ṣírò Ifẹ̀ nìkan, a ò tíì dé Ifẹ̀tẹ̀dó. Ká ní ₦3,000 ni àlọ àti àbọ̀ lójúmọ́. Ọjọ́ márùn-ún, ₦15,000. Bí sáà kan bá jẹ́ ọ̀sẹ̀ 15, ₦225,000. Sáà méjì, ₦450,000 lọ́dún, a ò tíì ka kọ̀rópé láti ilé dé gáréèjì. Ẹ wá gbé e sí ẹ̀gbẹ́ owó ilé-ìwé tẹ́ ẹ ní ó kéré. Lẹ́kíṣọ̀ aago mẹ́jọ àárọ̀ ò sì dúró de ọkọ̀ tí kò tíì kún.

Ìyẹn ò sọ ti ìjọba àpapọ̀ di ọ̀fẹ́ o. Owó kan wà tí kì í sí nínú ìwé wọn rárá: owó ìyanṣẹ́lódì. Ní 2022, ọjọ́ 14 Oṣù Kejì ni ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, bẹ̀rẹ̀, 14 Oṣù Kẹwàá ni wọ́n tó dáwọ́ rẹ̀ dúró. Oṣù mẹ́jọ gbáko. Lándílọ́ọ̀dù ò bá wọn yanṣẹ́ lódì.

Àwọn tó bá ti gbọ́ nípa NELFUND, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń yá akẹ́kọ̀ọ́ lówó, á ní ìyẹn á san gbogbo rẹ̀. Láti 2024 ló ti ń san owó ilé-ìwé fún ilé-ìwé fúnra rẹ̀, láìsí èlé, ó sì ń fún ọmọ tó bá béèrè ní ₦20,000 lóṣù fún jíjẹ-mímu. Sísan padà kì í bẹ̀rẹ̀ títí di ọdún méjì lẹ́yìn àgùnbánirọ̀. Ó dáa. Àmọ́ ilé-ìwé ìjọba nìkan ni, torí náà ẹni tó gbẹ́kẹ̀ lé e kò lè kọ Fountain, yunifásítì aládàáni tó wà nílùú wa níbí, tàbí àwọn aládàáni tó wà ní Ẹdẹ. Oṣooṣù sì ni ₦20,000 yẹn ń wọlé, nígbà tó jẹ́ pé owó ọdún kan ni onílé ń gbà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. (Nígbà míì ọdún méjì. Ọlọ́run á bi wọ́n.)

Mo wá bi Ìyá elélùbọ́ pé ta ló ní ní Ilé-Ifẹ̀. Ó ní àbúrò òun ọkùnrin ń gbé níbẹ̀, yàrá kan tiẹ̀ wà tó ń kó ẹrù sí.

“Màmá, ẹ ò wá sọ láti àárọ̀!”

Bí yàrá yẹn bá ṣeé gbé, OAU tó ní ó jìnnà ni yóò dínwó jù fún un. Ilé mọ̀lẹ́bí náà ní owó tirẹ̀ o: ìrẹsì tí wọn ó máa gbé ránṣẹ́, àwo tí ọmọ ó máa fọ̀, àti ìyàwó ilé tí a ò tíì mọ bí inú rẹ̀ ṣe rí. Mo kọ ọ́ sí bébà. Mo tún kọ ọ́ pé OAU le láti wọ̀, àti pé ọdún kan tí ọmọ bá fi jókòó de JAMB mìíràn, owó ni.

Ó pe àbúrò rẹ̀ níbẹ̀. Kò gbé e. Ó ká bébà náà sí mẹ́rin, ó tì í bọ inú ìgbàjá, ó ní àwọn ń padà bọ̀ ní Mọ́ńdè.