Egbò Ìdùbúlẹ̀ Tó Kan Eegun Kì í Ṣe Àmì Ikú

Ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, bí egbò ìdí ẹni tó ti pẹ́ lórí ibùsùn bá jìn débi tí eegun fi hàn, ohun tí mo máa ń gbọ́ lẹ́nu ẹbí ni pé ara ti ń rà kí ọlọ́jọ́ tó dé, pé kò sí iṣẹ́ abẹ tó lè dí irú ihò bẹ́ẹ̀. Èmi nọ́ọ̀sì tí mò ń wẹ egbò náà mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀, ó sì ń dùn mí, nítorí ọ̀rọ̀ yìí ló ń mú kí wọ́n gbé aláìsàn lọ sílé láìtọ́jọ́.

Ìwọ̀n ara ló ń tẹ ẹran mọ́ eegun títí ẹ̀jẹ̀ kò fi lè kọjá níbẹ̀ mọ́. Ẹni tó fi ọ̀pá ẹ̀yìn pa nínú jàǹbá ọkọ̀ lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́, tí kò mọ nǹkan kan lára láti ìbàdí lọ sísàlẹ̀ mọ́, kò ní mọ̀ pé ó yẹ kí òun yíra padà. Láàárín wákàtí mélòó kan, ẹran lè ti máa kú lẹ́gbẹ̀ẹ́ eegun kí awọ òkè tó yọ àmì kankan. Ìdí nìyẹn tí egbò tí ẹnu rẹ̀ kéré fi lè ní ihò tó gba ìkúùkù nínú.

Lóòótọ́, bí a bá kàn fa etí egbò náà pọ̀ tí a rán an, yóò tú. Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí a bó láti itan náà kò lè mú lórí eegun lásán, nítorí ibi tí a bá lẹ̀ ẹ́ mọ́ ló ti ń rí ẹ̀jẹ̀. Ohun tí àwọn oníṣẹ́ abẹ ń ṣe yàtọ̀: wọ́n á gé òkú ẹran kúrò, wọ́n á họ eegun tó ti bàjẹ́, wọ́n á wá gé awọ àti ọ̀rá, nígbà mìíràn pẹ̀lú ẹran ìdí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, láì já iṣan ẹ̀jẹ̀ tó ń bọ́ ọ, wọ́n á sì yí i wá dí ihò náà. Lẹ́yìn iṣẹ́ náà, ẹ̀yìn ọwọ́ ni mo máa ń fi kan awọ tí wọ́n yí wá náà, kí n lè mọ̀ bóyá ẹ̀jẹ̀ ń dé ibẹ̀. Bí ó bá lọ́wọ́ọ́rọ́, ọkàn mi á balẹ̀. Bí ó bá tutù tàbí tó ń dúdú sí i, mo gbọ́dọ̀ pe dókítà lójú ẹsẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni wọ́n lè ṣe é fún lọ́jọ́ tó bá dé. Ẹni tó ti gbẹ nílò ẹyin, ẹja àti ẹ̀wà kí ara rẹ̀ tó lè gbà á. Egbò náà sì lè padà bí a bá tún fi aláìsàn sílẹ̀ lójú kan. Kí wọ́n tó lọ sílé, mo máa ń ní kí ọ̀kan nínú ẹbí dúró ti ibùsùn, kí n fi hàn án bí yóò ṣe máa yí i padà ní wákàtí 2 síra wọn, àti lóru pẹ̀lú.