Ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn náà yẹ kó ní ìràwọ̀ tiẹ̀

Ẹ lọ dúró sí Gérí Álímì n'Ílọrin láago méje àárọ̀, kẹ́ẹ wo báwọn ọmọ iléèwé ṣe ń sọdá títì láàárín kẹ̀kẹ́ Márúwá àti jíìpù. Ọmọ ọdún mẹ́fà tó gbé báàgì kọ́ ẹ̀yìn, bọ́nẹ́ẹ̀tì Hilux ti bá a lọ́rùn. Tírú mọ́tò yẹn bá gbá a, kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ o, àyà àti orí ló máa kọ́kọ́ bà, kì í ṣe ẹsẹ̀. Ìyẹn la ṣe ń sọ ọ́ ketekete pé kíjọba tó ra mọ́tò tuntun kankan, kí wọ́n bèèrè ohun tó máa ṣe fún ẹni tó bá gbá, kí wọ́n sì jẹ́ káráàlú rí èsì ẹ̀.

Wọ́n kúkú ń dán an wò. Láti 1997 ni Euro NCAP, àjọ tó ń dán ààbò mọ́tò tuntun wò tó sì ń fún wọn ní ìràwọ̀, ti ń ṣe é ní Yúróòpù. Orí àtọwọ́dá, ti àgbà àti tọmọdé, pẹ̀lú ẹsẹ̀ àtọwọ́dá ni wọ́n máa ń yìn lu bọ́nẹ́ẹ̀tì àti bọ́ńpà, eré kìlómítà 40 ní wákàtí kan. Wọ́n á wá fi àwọ̀ ya iwájú mọ́tò náà, ibi tó bá ṣàánú èèyàn á jẹ́ àwọ̀ ewé, ibi tó burú jù á jẹ́ pupa.

Bọ́nẹ́ẹ̀tì fúnra ẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ le, páànù ni, ohun tó wà lábẹ́ ẹ̀ ló ń pààyàn. Ẹ fi ìka kan àárín bọ́nẹ́ẹ̀tì yín, á dún bí agolo, ẹ wá kan ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ lókè níbi tó ti sún mọ́ gíláàsì, ó dún kó! Irin ló wà níbẹ̀. Táyè ò bá sí láàárín páànù àti ẹ́ńjìnnì, orí á kàn lọ bá irin ni. Àwọn kan fi àyè sílẹ̀, àwọn kan ṣe bọ́nẹ́ẹ̀tì tó ń gbéra sókè fúnra ẹ̀, Volvo tiẹ̀ fi airbag síta lára V40 ní 2012, torí ẹni tó wà lójú títì. Láti 2009 sì ni Euro NCAP ti pa èsì tẹlẹ́sẹ̀ pọ̀ mọ́ ìràwọ̀ tí wọ́n ń fún mọ́tò, tóò bá ṣe tẹlẹ́sẹ̀ dáadáa, ìràwọ̀ márùn-ún di àléèbá.

Nílẹ̀ Áfíríkà, nígbà tí Safer Cars for Africa, ètò tó ń dán ààbò mọ́tò wò níbí, bẹ̀rẹ̀ ní 2017, àgbà àtọmọdé tó jókòó sínú mọ́tò ni wọ́n fún ní ìràwọ̀. Ó dáa, àmọ́ ìyá tó ń gbé wàrà sórí lọ́jà Ìpata ńkọ́? Ìyẹn ò ní dé ibi tí wọ́n ti ń ta mọ́tò láéláé láti lọ yan bọ́nẹ́ẹ̀tì tó máa gbá a, ẹlòmíì ló ń bá a yàn án.

Àwọn kan á ní ṣebí tòkunbọ̀ ló pọ̀ níbí. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n tuntun tòní náà ni tòkunbọ̀ ọ̀la, iwájú ẹ̀ ò sì ní yí padà. Wọ́n tún lè ní ká kọ́kọ́ kun zebra, ká dín eré kù. Ẹ ṣe ìyẹn náà, kò dí èyí lọ́wọ́.

Ohun tó dùn wá jù ni bull bar, páìpù irin tí wọ́n ń so mọ́wájú mọ́tò. Ẹni tó ṣe mọ́tò ti náwó kí iwájú ẹ̀ lè rọ̀, àwa wá gbé e lọ fún wẹ́dà kó so ó mọ́ ọn, irin tí kì í tẹ̀! Ní Yúróòpù, láti 2005 ni wọ́n ti ṣòfin lé e lórí. Àwọn tó ń so ó níbí ní torí màlúù ni, mọ́tò tí kì í kúrò ní GRA sì so ó mọ́wájú gàgàrà, níbo ló ti fẹ́ pàdé màlúù?

Àjọ SON ló ni ọ̀rọ̀ ìlànà ọjà tó ń wọ orílẹ̀-èdè yìí, kí wọ́n fi tẹlẹ́sẹ̀ kún un. Kwara ò láṣẹ lórí ibùdókọ̀ ojú omi, àmọ́ owó ẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹ̀. Tí wọ́n bá fẹ́ ra mọ́tò fún kọmíṣọ́nnà tàbí alága káńsù, kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé pé kí ẹni tó fẹ́ tà á mú èsì tẹlẹ́sẹ̀ wá. Ní ti bull bar, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ látinú páàkì sẹkitéríàtì lọ́sẹ̀ yìí, sípánà ni wọ́n nílò.