Irọ́ ni pé ọlọ́jà kò lẹ́nu nínú ètò ìlú

Ẹ lọ sí ọjàkọ́jà ní Èkó lọ́jọ́ tí wọ́n bá fi ọ̀dà pupa kọ àmì sára ṣọ́ọ̀bù, ọ̀rọ̀ kan náà ni ẹ ó bá lẹ́nu tọmọdé tàgbà: “Ìjọba ló nilẹ̀. Bó ṣe wù wọ́n ni wọ́n ń pín in. Ta ló fẹ́ gbọ́ tẹni?” Àwọn olórí ẹgbẹ́ ọlọ́jà ń sọ ọ́, àwọn tó kàwé láàárín wa náà ń sọ ọ́. Ó ti mọ́ wa lẹ́nu débi pé a kì í tilẹ̀ béèrè mọ́ bóyá òótọ́ ni. Kì í ṣe òótọ́. Mo sì fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò, nítorí iṣẹ́ àti owó ọ̀pọ̀ ìdílé ló ti bá ìgbàgbọ́ yìí lọ.

Òfin Ìlò Ilẹ̀ ọdún 1978 ni gbogbo wa máa ń fi ṣẹ̀rí. Lóòótọ́, òfin náà kó ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sọ́wọ́ gómìnà. Ṣùgbọ́n abala àkọ́kọ́ rẹ̀ gan-an sọ pé ńṣe ni gómìnà ń bá gbogbo ọmọ Nàìjíríà tọ́jú ilẹ̀ ọ̀hún, fún ìlò àti àǹfààní gbogbo wa. Abala 28 sọ pé kò lè gba ẹ̀tọ́ ilẹ̀ lọ́wọ́ ènìyàn, àfi tí ohun tí yóò ṣe gbogbo ìlú láǹfààní bá béèrè fún un, tàbí tí onítọ̀hún bá rú àdéhùn orí ìwé rẹ̀. Ìwé ìkìlọ̀ sì gbọ́dọ̀ tẹ ẹni náà lọ́wọ́. Lọ́dún 1991, nínú ẹjọ́ tó wà láàárín Osho àti Foreign Finance Corporation, Ilé-Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé tí ohun tí wọ́n torí rẹ̀ gba ilẹ̀ kì í bá ṣe ti gbogbo ìlú, gbígbà náà kò bófin mu. Ẹni tó ń bá ni tọ́jú nǹkan ni gómìnà jẹ́ lójú òfin, a sì lè bi í léèrè.

Ibì kan wà tí òfin yìí ti le fún ọlọ́jà, n kò ní fi pa mọ́. Ohun tí ènìyàn kọ́ tàbí tó gbìn sórí ilẹ̀ ni wọ́n ń san owó gbà-má-bìínú lé lórí. Ẹni tó háyà ṣọ́ọ̀bù, tó fi ogún ọdún kó oníbàárà jọ síbẹ̀, kò ní nǹkan kan tí òfin yóò kà fún un, bẹ́ẹ̀ oníbàárà yẹn ni gbogbo ọrọ̀ rẹ̀. Tí kátàpílà bá ti dé, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti bọ́. Nítorí náà, ọlọ́jà ló yẹ kó kọ́kọ́ débi tí wọ́n ti ń ya máàpù, kí onílé tó débẹ̀.

Òfin sì ti ṣílẹ̀kùn ibẹ̀ fún un. Dìkíríì 88 ti ọdún 1992, òfin ìjọba ológun tó dá lórí ètò ìlú àti agbègbè, ní kí ìjọba kéde tó bá fẹ́ ṣe ètò, kó gba àbá ará ìlú, kó gbé àkọsílẹ̀ àkọ́kọ́ ètò náà síta kí ènìyàn wò ó, kí ẹni tó bá ní àtakò sì kọ ọ́ ránṣẹ́ kí wọ́n tó fọwọ́ sí i. Lọ́dún 2003, nígbà tí Èkó gbé ìjọba àpapọ̀ lọ sílé ẹjọ́, Ilé-Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ dájọ́ pé ìpínlẹ̀ ló ni ọ̀rọ̀ ètò ìlú. Látìgbà náà, ìpínlẹ̀ kálukú ló ń ṣe òfin tirẹ̀. Èkó ṣe tirẹ̀ lọ́dún 2010. Ẹ má fojú kékeré wo ìdájọ́ yẹn. Ó túmọ̀ sí pé Àbújá kọ́ ni wọ́n ti ń pinnu ibi tí ọjà yín yóò wà. Àlàúsá ni, tàbí Sẹkitéríàtì Ìbàdàn, tàbí Òkè-Mosàn ní Abẹ́òkúta. Aṣòfin tí ẹ dìbò fún wà níbẹ̀, ẹ mọ ilé rẹ̀, ẹ sì mọ nọ́ńbà rẹ̀.

Kí wá ló dé tí a kì í fi í gbọ́? Inú gàsẹ́ẹ̀tì àti ìwé ìròyìn Gẹ̀ẹ́sì ni ìkéde máa ń wà. Tí ìpàdé bá wà, àárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ ni, nígbà tí ọjà ń kún lọ́wọ́. Bí ènìyàn bá sì débẹ̀, máàpù aláwọ̀ mèremère ni wọn yóò gbé ka iwájú rẹ̀, tí gbogbo àlàyé ara rẹ̀ jẹ́ ti àwọn onímọ̀. Ẹ̀bi ìjọba ni èyí, mo sì ń bínú sí i gidigidi, nítorí kò náni lówó púpọ̀ láti fi Yorùbá kéde ní rédíò tàbí láti rán òṣìṣẹ́ méjì wá sí ìpàdé ẹgbẹ́ ọlọ́jà. Àmọ́ ẹnu ọ̀nà tó ṣòro í wọlé yàtọ̀ sí ògiri. Àwọn kan ń gba ibẹ̀ wọlé lójoojúmọ́.

Ẹ wo Àpápá. Ọdún gbọọrọ ni ọkọ̀ àjàgbé fi tò sórí afárá, tí àwọn ilé-iṣẹ́ kéékèèké ń palẹ̀ ẹrù wọn mọ́ kúrò níbẹ̀. Lọ́dún 2017, ilé-iṣẹ́ Dangote, Flour Mills àti Àjọ Èbúté fọwọ́ sí àdéhùn pẹ̀lú ìjọba àpapọ̀ pé àwọn yóò tún títì Wharf Road ṣe, bíi kìlómítà 2, owó rẹ̀ lé ní bílíọ̀nù 4 náírà. Nígbà tó di oṣù kìíní ọdún 2019, Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí Àṣẹ Ààrẹ Keje (Executive Order 7), tó gba ilé-iṣẹ́ láyè láti ṣe títì kó sì yọ owó náà nínú owó-orí tó yẹ kó san. Ta ló wá sọ pé oníṣòwò kò lẹ́nu? Ọjọ́ tó ti pẹ́ ni èyí ti bẹ̀rẹ̀. Láti ọdún 1888 ni Ẹgbẹ́ Ìṣòwò Èkó, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Chamber, ti wà, tó ń kọ̀wé sí ìjọba lórí èbúté, títì àti owó-orí. Láti ọdún 2000 ni ìjọba Èkó ti ń pe àwọn onílé-iṣẹ́ jọ sí ìpàdé Ehingbeti láti jíròrò ọ̀nà tí ọrọ̀ ajé ìpínlẹ̀ yóò gbà.

N kò dá àwọn ńlá lẹ́bi. Wọ́n ní lọ́yà, wọ́n ní òṣìṣẹ́ tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó máa ka ìkéde ìjọba lọ, wọ́n sì ń lò wọ́n. Ẹ̀dùn ọkàn mi ni pé ìgbàgbọ́ tiwa, pé kò sẹ́ni tó ń gbọ́ oníṣòwò, ti fi gbogbo ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ fún wọn. Ibi tí ọkọ̀ ẹrù ńlá yóò gbà ni wọn yóò sọ. Ta ni yóò sọ ibi tí obìnrin tó ń ta ata yóò já ẹrù rẹ̀ sí?

Ẹlòmíràn yóò ní owó ni wọ́n fi ń gbọ́ ti àwọn ńlá. Ó dáa, ẹ jẹ́ ká kúrò lọ́dọ̀ Dangote, ká lọ bá àwọn awakọ̀ dánfó. Nígbà tí LAMATA, àjọ ìjọba Èkó tó ń rí sí ètò ìrìnnà, tí wọ́n fi òfin ọdún 2002 dá sílẹ̀, ń múra láti gbé BRT, bọ́ọ̀sì ńlá tó ní ojú ọ̀nà tirẹ̀, wá sí Èkó, ohun tí gbogbo ènìyàn retí ni pé ẹgbẹ́ awakọ̀ yóò dà á rú, tàbí kí ìjọba lé wọn kúrò lójú títì. Kò sí ọ̀kankan nínú méjèèjì tó ṣẹlẹ̀. LAMATA jókòó tì wọ́n, ìjíròrò náà sì gba àkókò. Àwọn awakọ̀ sọ ohun tó ń bà wọ́n lẹ́rù, wọ́n sọ bí owó ojúmọ́ ṣe ń wọlé àti bí wọ́n ṣe ń san owó ọkọ̀. Nígbà tí BRT bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 17 oṣù kẹta ọdún 2008, láti Mile 12 dé CMS, kìlómítà 22, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí àwọn ọmọ NURTW, ẹgbẹ́ awakọ̀ náà, dá sílẹ̀ fúnra wọn ló ń wa ọkọ̀ náà. Ìlànà títì tó gba àárín ìlú kọjá ni, ètò ìlò ilẹ̀ pọ́ńbélé. Àwọn tí wọ́n máa ń pè ní jàǹdùkú ló bá ìjọba jókòó, ètò sì yí padà nítorí wọn. Wọ́n tètè dé ni. Àpẹẹrẹ tó dùn mọ́ mi nínú jùlọ nìyí nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí.

Ìdàkejì rẹ̀ wà nínú ìtàn Èkó. LEDB, àjọ tí àwọn òyìnbó dá sílẹ̀ lọ́dún 1928 lẹ́yìn àjàkálẹ̀ àrùn tó jà láàárín ìlú, bẹ̀rẹ̀ sí í wó ilé ní Ìsàlẹ̀ Èkó láàárín ọdún 1955 sí 1960. Bí éékà 70 ni ilẹ̀ tí ètò náà kàn. Wọ́n kó ọ̀pọ̀ lára àwọn tó ń gbé ibẹ̀ lọ sí ilé tuntun ní Sùúrùlérè. Ilé náà ní yàrá tó mọ́ àti omi, àwọn olùṣètò sì rò pé iṣẹ́ parí. Kò sẹ́ni tó bi àwọn obìnrin tó ń tajà nídìí ilé wọn pé ta ni oníbàárà yín. Nígbà tí wọ́n dé Sùúrùlérè, oníbàárà kò sí, owó ọkọ̀ lọ sí Èkó àti àbọ̀ sì ń jẹ èrè. Ìbéèrè kan ṣoṣo lásán ni kò sẹ́ni tó bi wọ́n.

Ìgbàgbọ́ yìí tún ní ẹ̀gbẹ́ kejì: pé ìjọba lè ṣe ètò láìsí wa, kó sì dúró. Ẹ lọ wo Computer Village ní Ìkẹjà. Àdúgbò ilé gbígbé ni Ọ̀tìgbà, níbi tí ọjà náà wà, tẹ́lẹ̀. Kò sí olùṣètò kankan tó yàn án fún ọjà kọ̀ǹpútà. Àwọn oníṣòwò ló háyà ilé díẹ̀díẹ̀, tí wọ́n sọ gárájì di ṣọ́ọ̀bù, títí gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà fi mọ ibẹ̀. Ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá tí ìjọba ti ń sọ pé kí wọ́n kó lọ sí Katangowa, lápá Agbádó Òkè-Odò. Gómìnà ti ń pààrọ̀ ara wọn, ọjà ṣì wà ní Ọ̀tìgbà. Gbogbo agbára tí òfin 1978 fún gómìnà kò tíì gbé e kúrò, nítorí ọjà kò lè wà níbi tí oníbàárà kò fẹ́ dé. Ọjà Téjúoṣó náà tún fi nǹkan kan hàn wá: lẹ́yìn tí iná jó o lọ́dún 2007, wọ́n fi ilé ńlá rọ́pò rẹ̀, wọ́n ṣí i lọ́dún 2014, igbe tí a sì gbọ́ lẹ́nu ọ̀pọ̀ ọlọ́jà àtijọ́ ni pé owó ṣọ́ọ̀bù ti kọjá agbára wọn.

N kò sọ pé kí ohun tí oníṣòwò bá fẹ́ máa ṣẹ. Oníṣòwò kan lè fẹ́ kí wọ́n dí gọ́tà kó lè rí ibi pàtẹ sí, onílé-iṣẹ́ sì lè fẹ́ da omi ìdọ̀tí sódò. Ìdí nìyẹn tí àwọn ará àdúgbò, àgbẹ̀ àti onílé fi gbọ́dọ̀ wà nídìí máàpù kan náà.

Ohun tí ọlọ́jà mọ̀ ni kò sí nínú ìwé ẹnikẹ́ni. Ẹ mú ọjà Mile 12. Àwọn tó wà níbẹ̀ mọ iye tírélà tòmátò tó ń ti òkè ọya wọlé, aago tí wọ́n ń dé, ibi tí wọ́n ń yí orí ọkọ̀ padà, iye apẹ̀rẹ̀ tó ń bà jẹ́ tí òjò bá dí ọ̀nà, àti ìlú tí àwọn tó ń rà á ti ń wá. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ilé ìtọ́jú oúnjẹ sí Ẹ̀pẹ́, tàbí tó fẹ́ gbé ọjà kan lọ sí Ìmọ́tà, láìní iye wọ̀nyí lọ́wọ́, ṣíṣìṣe ni yóò ṣe é, bó ti wù kó kàwé tó. Ẹkún nìkan kọ́ ni ẹ gbé lọ. Ẹ kó akọ̀wé ẹgbẹ́ yín jọ, kí wọ́n ka ọkọ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, kí wọ́n ka ṣọ́ọ̀bù, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àti ẹ̀rọ omi. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, kí bàbálọ́jà àti ìyálọ́jà fọwọ́ sí i, kí ẹ gbé e lọ sí ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ètò ìlú, kí wọ́n sì bá yín tẹ òǹtẹ̀ gbígbà sórí ẹ̀dà tiyín. Ẹ̀dà olóǹtẹ̀ yẹn ṣe pàtàkì, nítorí òun ni lọ́yà yín yóò gbé síwájú adájọ́ tó bá di pé wọ́n ní ẹ kò sọ̀rọ̀.

Bí wọ́n bá ní kò sí ètò kankan fún àdúgbò yín, tí ẹ sì ń rí sáfíyọ̀ tó ń gbé ẹ̀rọ ìwọnlẹ̀ kiri, ẹ kọ̀wé béèrè lábẹ́ Òfin Òmìnira Ìròyìn ọdún 2011. Ọjọ́ 7 ni òfin fún wọn láti dá yín lóhùn, ẹ kò sì ní láti sọ ìdí tí ẹ fi fẹ́ mọ̀. Àwọn ìpínlẹ̀ kan máa ń ní òfin yẹn kò kan àwọn, pé ti ìjọba àpapọ̀ ni. Ní oṣù kẹrin ọdún 2025, Ilé-Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ dájọ́ pé ó kan gbogbo ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀. Ẹ kọ nọ́ńbà abala tí ẹ ń lò sínú lẹ́tà náà, ẹ kọ déètì sí i, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọjọ́.