Ta Ló Pa Ọkọ Opó Olówó?

Ẹni tó bá fẹ́ kọ ọ̀kan nínú àwọn ìwé tó gbòde yìí, àwọn ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ obìnrin nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ayé Ayaba Victoria, ọkọ ni kó kọ́kọ́ wá, kó sì pa á. Kó má fi ikú náà fi ìwé ṣòfò o. Gbólóhùn kan ti tó. Ẹṣin gbé e ṣubú, ibà mú un lọ ní Íńdíà, tàbí kó ṣáà dojú bolẹ̀ nídìí ẹyin àárọ̀. Kí olóògbé jẹ́ àgbàlagbà, kó láhun, kó má bímọ, kó sì fi ilé méjì sílẹ̀: ọ̀kan ní Mayfair ní Lọ́ńdọ̀nù, ọ̀kan nígbèríko. Ọmọ ọdún 28 ni ìyàwó rẹ̀. Kí orí kìíní ìwé tó parí, ìyàwó ti gbàgbé rẹ̀, ó ti ń tọpasẹ̀ ẹni tó pa ẹlòmíràn.

A ò lè bú òǹkọ̀wé jù, òfin ìgbà yẹn ló tì í débẹ̀. Owó ọwọ́ abilékọ, ti ọkọ ni. Òfin ọdún 1870 bu owó iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ fún un, ó sì di 1882 kí ohun ìní rẹ̀ tó di tirẹ̀ gan-an. Ọmọge, abẹ́ bàbá ni àṣà fi í sí. Opó ló rọrùn fún jù láti náwó, láti gba ọmọ ọ̀dọ̀, láti háyà kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin lóru láìtọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ wá wò ó: ọ̀pọ̀ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ obìnrin tó gbóná lórí àtẹ, lórí sàréè ọkọ ló dúró sí. Ká ní ilé wa ni, tí opó ọdún 28 jogún ilé méjì! Àwọn àbúrò ọkọ á ti pèpàdé ẹbí, wọ́n á sì ti béèrè ẹni tó se ọbẹ̀ alẹ́ ọjọ́ náà. Nínú ìwé wọ̀nyí, àbúrò ọkọ kì í bi ẹnikẹ́ni ní nǹkan. Tẹ́tẹ́ ló ń ta.

Ọ̀fọ̀ ló ń kọ́kọ́ tú wọn fó. Opó ilé ọlọ́lá a máa wọ dúdú kirikiri fún ọdún kan àti ọjọ́ kan, aṣọ tí kò gbọdọ̀ dán rárá, gbogbo ọ̀fọ̀ náà sì lè ju ọdún méjì lọ. Àríyá ò sí níbẹ̀. Àwọ̀ elésè àlùkò táwọn òǹkọ̀wé fẹ́ràn láti wọ̀ fún un, ìparí ọ̀fọ̀ ni wọ́n máa ń gbà á láyè. Tiwọn, oṣù kẹta ni ìyàwó ti wà lójú agbo ijó, torí níbẹ̀ ni òkú kejì á ti ṣubú. Á wá sá pamọ́ sẹ́yìn kọ́tìnì láti gbọ́ ọ̀rọ̀ àṣírí. Bí ìtàn bá bọ́ sí ẹ̀yìn 1856, síkẹ́ẹ̀tì olóbìírí irin tó fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún ló wọ̀. Kọ́tìnì wo ló fẹ́ gba ìyẹn? Àgọ́ ọlọ́jà ni yóò dà bí.

Oyè ńkọ́? Ọmọ ìjòyè ńlá bí ẹ́ẹ̀lì lóbìnrin ni wọ́n ń pè ní Lady mọ́ orúkọ àbísọ: Lady Katharine. Ọmọ oníbúrẹ́dì tó fẹ́ Sir John Brown, Lady Brown lorúkọ rẹ̀, kò lè di Lady Katharine láéláé. Òǹkọ̀wé wa á pè é ní Lady Brown lójú ewé 12, á pè é ní Lady Katharine lójú ewé 14, àwọn ọlọ́lá tó wà níjókòó ò sì ní ṣẹ́jú. Ẹ pe Ìyálóde ní Ìyálọ́jà níṣojú ìgbìmọ̀, kẹ́ ẹ wo ohun tójú yín máa rí.

Ìsípẹ́kítọ̀ Scotland Yard, ilé iṣẹ́ ọlọ́pàá Lọ́ńdọ̀nù, gbọ́dọ̀ rẹwà, kò sì gbọdọ̀ mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ọkùnrin mẹ́jọ péré ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ka ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1842, ó sì dà bíi pé gbogbo wọn ló wà láàyè torí àtifẹ́ opó. Á fi òkú hàn án, á ka ẹ̀rí fún un, á wá sọ pé iṣẹ́ yìí léwu fún obìnrin. Nígbà míì, wọ́n á jọ yẹ ìtẹ̀ka wò lára ife, ní 1870! Ọdún 1901 ni Scotland Yard tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó ìtẹ̀ka jọ, ó sì di 1905 kí ìtẹ̀ka tó mú kí wọ́n dá apànìyàn lẹ́bi níbẹ̀. Ìwádìí ikú náà, òkè ilé ọtí ni wọ́n sábà ń ṣe é. Ó kéré tán, ọkùnrin méjìlá á lọ fojú ara wọn wo òkú kí wọ́n tó sọ ohun tó pa á. Òórùn bíà, òkú ní yàrá kejì: ohun tó dùn jù lọ nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn, wọ́n á sì jù ú nù, wọ́n á kọ ilé ẹjọ́ ńlá pẹ̀lú wíìgì. Níbẹ̀ ni afurasí á ti dìde, á búra, á rojọ́ ara rẹ̀, bẹ́ẹ̀ 1898 ni òfin tó fàyè gba ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn ìpànìyàn kàn láti ṣe bẹ́ẹ̀. Apànìyàn gidi kì í dé orí okùn ìjọba ṣá. Etí òkè létí òkun ló máa ń yọ̀ ṣubú sí, kí ọwọ́ opó wa lè mọ́.

Aláwọ̀ dúdú kì í sí níbẹ̀, àfi ìránṣẹ́ kan tó wé láwàní, tó mọ àṣírí, tí kò sì ní orúkọ ìdílé. Bẹ́ẹ̀, ní Brighton lóṣù Kẹjọ 1862, Àìná ọmọ Òkè-Odàn, tí wọ́n ń pè ní Sarah Forbes Bonetta, tí Ayaba gan-an ń tọ́jú, fẹ́ ọkọ rẹ̀ James Davies ní ṣọ́ọ̀ṣì. Obìnrin tí wọ́n gbà lọ́wọ́ ọba Dàhọ́mì, tó gbọ́ èdè, tó ń wọ ààfin: a ò tíì rí ìwé tó fi òun ṣe ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tó di ariwo ọjà. Bóyá torí pé ọkọ rẹ̀ kò tètè kú ni.

Ó ku májèlé, ásẹ́níìkì ni wọ́n sì ń yàn ṣáá. Òfin 1851 ní kí olóògùn po ó mọ́ dúdú ìdí ààrò, ááńsì kan sí pọ́n-ùn kan, tàbí kó fi ìdajì ááńsì aró ẹ̀lú sí i, kí ẹnikẹ́ni má baà ṣì í mú fún ṣúgà. Tíì funfun tí kò yí àwọ̀ padà nínú ìwé wọn ti rúfin nìyẹn. Olóògùn kò gbọdọ̀ tà á fún ẹni tí kò mọ̀, àfi tí ẹlẹ́rìí kan bá wà. Ó gbọ́dọ̀ kọ déètì, orúkọ, àdúgbò, iṣẹ́ ẹni tó rà á àti ohun tó fẹ́ fi ṣe sínú ìwé, kí òǹrajà sì fọwọ́ sí i. Ní orí kọkàndínlógún, opó wa á lọ bá olóògùn, á rẹ́rìn-ín músẹ́, ìwé á ṣí. Á fi ìka tẹ orúkọ àbúrò ọkọ onítẹ́tẹ́, á pa ìwé dé kíákíá, kò sì ní ṣí ojú ewé ọdún tó kọjá wò.