Ìbọn Ní Apátí, Kò Ní Apátí

Ọdẹ ni bàbá mi. Ṣakabùlà kan wà lára ògiri ilé wa tí apátí rẹ̀ ti jábọ́ kí wọ́n tó bí mi. Apátí yìí ni irin ara ìbọn tó ń mú kí ó dún. Bí kò bá ti sí mọ́, igi àti irin lásán ló kù. Lọ́jọ́ kan, mo gbé ìbọn tó ti kú náà sọ̀ kalẹ̀, mo dojú rẹ̀ kọ àbúrò mi, mo fi ẹnu dún “gbòà!” Ìgbájú tí mo jẹ lọ́jọ́ náà, etí mi ṣì ń hó nígbà tí ilẹ̀ ṣú. Mo ń sunkún, mo ní, “Bàbá, ṣebí kò lè dún.” Wọ́n ní, “Ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ni ó jẹ́ jẹ́ kí wọ́n kọjú rẹ̀ sí òun?”

N kò ka òwe náà sí nígbà náà. Ó di oṣù tó kọjá, níbi ìsọmọlórúkọ kan ní Houston, kó tó padà wá bá mi.

Àbúrò mi kan ló wọlé, ọmọ àbúrò ìyá mi. Ó wọ bùbá àti ṣòkòtò àǹkárá tuntun, ó gẹ fìlà sí apá kan, ìbọn ìléwọ́ sì wà ní ìbàdí rẹ̀ nínú àpò awọ, gbangba gbàǹgbà. Kò sẹ́ni tó bá a jà. Wọ́n kí i, ó kí wọn. Ṣùgbọ́n àga ni mo ń wò ní tèmi. Àga mẹ́ta tó wà lápá ọ̀tún rẹ̀ ṣófo títí a fi jẹun tán, nínú ilé tí àwọn ènìyàn ti ń dúró jẹun ní kíṣìnì nítorí pé ìjókòó kò tó. Bàbá tó ń fi oyin àti obì wúre fún ọmọ la ojú kan sílẹ̀ bí wọ́n ti ń gbàdúrà. Ìyá ìkókó gbé ọmọ rẹ̀ wọ yàrá, ó ní òun fẹ́ fún un lọ́mú. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mumú tán! Ọmọ ọdún 5 kan ló wá sọ ohun tí àgbà kò lè sọ. Ó rìn lọ bá a, ó bi í bóyá ọlọ́pàá ni.

Nígbà tí mo pè é síta, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀tọ́ mi ni lábẹ́ òfin.”

Òótọ́ ló sọ. Àtúnṣe kejì sí ìwé òfin ilẹ̀ Amẹ́ríkà, tó fún aráàlú lẹ́tọ̀ọ́ láti ní ìbọn, tó sì ti wà láti 1791, ló dì mú. Ní Texas níbí, láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2016 ni ẹni tó ní ìwé àṣẹ ti lè fi ìbọn ìléwọ́ há ìbàdí kí gbogbo ayé rí i. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án 2021, ẹni tó bá ti pé ọdún 21, tí òfin kò ka ìbọn léèwọ̀ fún, kò nílò ìwé àṣẹ náà mọ́. Ti ìbọn gígùn tilẹ̀ ti wà bẹ́ẹ̀ ṣáájú. Ṣùgbọ́n òfin Texas kan náà ló sọ pé ẹ̀ṣẹ̀ ni kí ènìyàn mọ̀ọ́mọ̀ fi ìbọn hàn ní gbangba lọ́nà tí yóò fi dẹ́rù ba aráàlú. Ẹ wo ọ̀rọ̀ yẹn dáadáa. Òfin tó ní kí o gbé e náà mọ̀ pé ojú ẹlòmíràn wà níbẹ̀. Ó tún fún onílé lágbára: bí ilé ìtajà bá gbé pátákó tí wọ́n ń pè ní 30.07 sí ẹnu ọ̀nà, tí wọ́n kọ ọ́ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì àti ti Sípéènì, ẹni tó ní ìwé àṣẹ pàápàá kò gbọdọ̀ gbé ìbọn ìléwọ́ síta wọlé. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ kọ́ ni mo bá àbúrò mi sọ.

“Ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀.” Bí wọ́n bá ṣe rí ọ ni wọ́n ṣe máa ṣe sí ọ. Àbúrò mi rò pé ohun tí òun ń sọ fún wa ni pé kò sí ewu, òun wà níbí. Ohun tí ilé gbọ́ ni pé nǹkan kan fẹ́ ṣẹlẹ̀. Ẹnu kan ṣoṣo ni ìbọn ní, ohun kan ṣoṣo ni ẹnu náà sì ń sọ. Àlàyé tó kù, ọwọ́ ẹni tó ń wò ó ló wà.

Mo sọ ìtàn Springfield fún un. Ní ọjọ́ kẹta oṣù kẹjọ 2019, ọkùnrin kan yìnbọn nínú Walmart kan ní El Paso, ènìyàn 23 ló kú. Ọjọ́ márùn-ún péré lẹ́yìn ìyẹn, ọmọkùnrin ẹni ọdún 20 kan ní Springfield, ìpínlẹ̀ Missouri, wọ ẹ̀wù ayẹta, ó gbé ìbọn gígùn kọ́ àyà, ó wọ Walmart ìlú tirẹ̀, ó ń ti kẹ̀kẹ́ ìrajà kiri, ó sì ń fi fóònù ya ara rẹ̀. Kò yìnbọn, kò halẹ̀ mọ́ ẹnikẹ́ni. Ó ní òun kàn fẹ́ wò ó bóyá Walmart máa bọ̀wọ̀ fún ẹ̀tọ́ òun ni. Missouri sì fàyè gba kí ènìyàn gbé ìbọn ní gbangba. Máníjà fa aago iná. Oníbàárà ń sá jáde, wọ́n fi ẹrù wọn sílẹ̀. Panápaná kan tí kò sí lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ náà yọ ìbọn tirẹ̀ sí i, ó dá a dúró títí ọlọ́pàá fi dé. Ìyàwó ọmọkùnrin náà ti kìlọ̀ fún un kó tó jáde nílé, kò gbọ́. Ilé ẹjọ́ ló parí rẹ̀ sí. Oṣù tó tẹ̀ lé e ni Walmart bẹ àwọn oníbàárà pé kí wọ́n má gbé ìbọn síta wọ ilé ìtajà àwọn mọ́. Starbucks ti bẹ irú ẹ̀bẹ̀ bẹ́ẹ̀ láti 2013. Kódà NRA, ẹgbẹ́ tó ń gbèjà ìbọn jù lọ ní ilẹ̀ yìí, bú àwọn tó ń gbé ìbọn gígùn wọ ilé oúnjẹ ní Texas ní 2014, wọ́n ní ìwà wọn ṣàjèjì. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ ni wọ́n kó ọ̀rọ̀ wọn jẹ, ṣùgbọ́n a ti gbọ́.

Ti panápaná yẹn ni mo máa ń rò jù. Ènìyàn rere ni. Ṣùgbọ́n ká ní ẹnì kẹta já wọ ibẹ̀ pẹ̀lú ìbọn tirẹ̀ ní ìṣẹ́jú yẹn, tó bá ọkùnrin méjì tó gbé ìbọn, èwo nínú wọn ni yóò kọjú tirẹ̀ sí?

Àwọn tó wà níbi ìsọmọlórúkọ wa kì í sì í ṣe ojo. “Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá.” Àwọn àgbà inú wọn gbé Èkó nígbà tí adigunjalè ń kọ lẹ́tà sí àdúgbò pé àwọn ń bọ̀, tí wọ́n sì ń dé lóòótọ́. Àwọn ọ̀dọ́ inú wọn mọ SARS, ọlọ́pàá tí kì í wọ aṣọ iṣẹ́, tó ń gbé ìbọn dá ọmọ ènìyàn dúró nítorí pé ó gbé kọ̀ǹpútà tàbí ó di dàda, títí ìfẹ̀hónúhàn fi mú kí ìjọba tú wọn ká ní oṣù kẹwàá 2020. Lójú ẹni tó ti ibẹ̀ wá, ẹni tó gbé ìbọn láìwọ aṣọ iṣẹ́ kò ju ọ̀nà méjì lọ: olè ni, tàbí ọlọ́pàá tí a ní láti sá fún bí olè. Àbúrò mi, tí wọ́n bí sí Dallas, kò ní irú ìrántí bẹ́ẹ̀. Ó rò pé ojú tí òun fi ń wo ohun ìbàdí òun ni gbogbo ilé fi ń wò ó.

Òwe bàbá mi wá ńkọ́? Ní oṣù kẹjọ 2014, ní Beavercreek, ìpínlẹ̀ Ohio, John Crawford III, ẹni ọdún 22, mú ìbọn afẹ́fẹ́ kan lórí pẹpẹ nínú Walmart, ọjà tí wọ́n ń tà níbẹ̀. Ó ń rìn, ó ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ìbọn náà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Oníbàárà kan pe 911. Ọlọ́pàá dé, ó yìnbọn pa á. Bẹ́ẹ̀ Ohio wà lára ìpínlẹ̀ tí ènìyàn ti lè gbé ìbọn gidi ní gbangba! Ní oṣù kọkànlá ọdún kan náà, ní Cleveland, ní Ohio kan náà, ìbọn ìṣeré ló wà lọ́wọ́ Tamir Rice, ọmọ ọdún 12, nínú páàkì. Kò tó ìṣẹ́jú àáyá 2 lẹ́yìn tí ọkọ̀ ọlọ́pàá dúró tí wọ́n fi yìnbọn fún un; ó kú lọ́jọ́ kejì. Èyí ò ní apátí, ìyẹn ò ní apátí.

Aláwọ̀ dúdú ni àwọn méjèèjì, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ yìí ti ń dun àbúrò mi, nítorí pé kò fẹ́ gbọ́ ọ. Àwọ̀ ara wà nínú ìrínisí. Ní 1966, ní Oakland, California, àwọn Black Panther, ẹgbẹ́ aláwọ̀ dúdú tó ń jà fún ẹ̀tọ́ wọn, bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ìbọn tẹ̀ lé ọlọ́pàá káàkiri àdúgbò wọn, òfin sì gbà wọ́n láàyè. Ẹnìkan nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin gbé àbá òfin dìde láti fòpin sí i. Ní ọjọ́ kejì oṣù karùn-ún 1967, bí 30 nínú wọn gbé ìbọn lọ sí ilé ìgbìmọ̀ náà ní Sacramento láti tako àbá yìí. Kí ọdún tó parí, Gómìnà Ronald Reagan, ẹni tó di Ààrẹ lẹ́yìn náà, ti fọwọ́ sí i: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbé ìbọn tí ọta wà nínú rẹ̀ káàkiri ìgboro mọ́. Ìbọn kan náà ni, ọwọ́ tó gbé e ló yàtọ̀.

Ní Dallas, ní ọjọ́ keje oṣù keje 2016, ìwọ́de ń lọ lọ́wọ́, ọkùnrin kan fara pamọ́, ó sì yìnbọn pa ọlọ́pàá márùn-ún. Aláwọ̀ dúdú kan wà nínú ìwọ́de náà tó gbé ìbọn gígùn kọ́ èjìká lábẹ́ òfin. Àwòrán rẹ̀ ni ọlọ́pàá kọ́kọ́ gbé sórí Twitter pé ẹni tí àwọn fura sí nìyí. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé ìbọn rẹ̀ fún ọlọ́pàá, wọ́n fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò, wọ́n sì tú u sílẹ̀. Ọ̀gá ọlọ́pàá Dallas nígbà náà, David Brown, tí òun náà jẹ́ aláwọ̀ dúdú, sọ pé bí ìbọn bá ti ń dún, ó ṣòro láti mọ ẹni rere yàtọ̀ sí ẹni burúkú nígbà tí púpọ̀ nínú èrò gbé ìbọn kọ́rùn. Ẹ má sọ fún mi pé ọmọ Yorùbá ni yín, pé ìtàn ará ibí nìyẹn. Ọlọ́pàá tó rí ọ láti òkèèrè kò tíì gbọ́ ohùn rẹ.

Àbúrò mi ní tí àwọn ènìyàn bá ń rí i lójoojúmọ́, yóò mọ́ wọn lójú. Ọ̀rọ̀ náà ní ẹsẹ̀ díẹ̀ nílẹ̀. Àwọn darandaran ìgbèríko Texas ń gbé ìbọn sínú ọkọ̀ wọn, kò sẹ́ni tó ń yíjú wò wọ́n. Bàbá mi náà la ọjà kọjá pẹ̀lú ìbọn wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìyá aláta kò ṣíwọ́ ata lílọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí wọ́n ṣe ń kọjá. Ẹnu ìbọn ń wo òkè. Wọ́n ti ń kí ènìyàn láti ìsàlẹ̀ ọ̀nà, “Ẹ kú ọjà o, ẹ kú ìnáwó o,” kí ẹnikẹ́ni tó rí wọn. Bí wọ́n bá yà sílé ọ̀rẹ́, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ìta ni wọ́n ń gbé ìbọn tì, wọn kì í gbé e wọ inú ilé. Gbogbo ìlú sì mọ orúkọ wọn, wọ́n mọ igbó tí wọ́n ti ń bọ̀, wọ́n mọ ẹran tí wọ́n pa lánàá. Níbẹ̀, ènìyàn ló ń ṣáájú ìbọn dé. Ní Houston, ta ló mọ̀ ọ́?

Ohun kan ṣì kù tí mo ní láti sọ fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. “Bí ọwọ́ ẹni ò bá tíì tẹ èèkù idà, a kì í bèèrè ikú tó pa baba ẹni.” Èèkù idà tiwa níbí ni ìwé ìgbélùú. Ẹni tó bá fi físà akẹ́kọ̀ọ́ tàbí ti àbẹ̀wò wà níbí, òfin ìjọba àpapọ̀ kò gbà á láàyè kó ní ìbọn tàbí ọta lọ́wọ́, àfi nínú àwọn ipò díẹ̀ bí ẹni tó ní ìwé àṣẹ ọdẹ. Ẹni tó ní green card lè ní in, ṣùgbọ́n bí ilé ẹjọ́ bá dá a lẹ́bi ẹ̀sùn ìbọn, wọ́n lè torí ẹ̀ lé e kúrò nílùú. Àṣìṣe tí ọmọ onílẹ̀ fi san owó ìtanràn lè gbé ìwọ wọ bàálù.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ìsọmọlórúkọ náà, àbúrò mi wá jẹ àmàlà lọ́dọ̀ mi lọ́jọ́ Àìkú. N kò rí nǹkan kan ní ìbàdí rẹ̀. N kò sọ̀rọ̀, òun náà kò sọ̀rọ̀. A jẹun dé ìdajì, mo bi í pé ìbọn ńkọ́. Ó ní ó wà nínú ọkọ̀, lábẹ́ ìjókòó. Mo ní, “Ṣé o ti ilẹ̀kùn ọkọ̀ náà?” Ó ronú díẹ̀. Ó fọ ọwọ́, ó dìde, ó jáde lọ wò ó.