Àtúnṣe: Kì í ṣe odidi ẹ̀dọ̀ ni wọ́n ń gbìn sínú àwo

Ọ̀rọ̀ kan ń jà ràn-ìn káàkiri pé àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ti ń gbin odidi ẹ̀dọ̀ èèyàn sínú àwo, pé wọn kò sì fi eku dán kẹ́míkà wò mọ́. Méjèèjì, irọ́ ni.

Ohun tí wọ́n ń gbìn jẹ́ ìdì sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ róbótó, èyí tí kì í sábà tó mìlímítà 1. Ẹ̀jẹ̀ kì í ṣàn nínú rẹ̀. Ìyẹn ò sọ ọ́ di yẹpẹrẹ o. Sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n bá tẹ́ pẹrẹsẹ sábà máa ń pàdánù ẹ́ńsáìmù tí ẹ̀dọ̀ fi ń yí kẹ́míkà padà. Tó bá dì pọ̀, ẹ́ńsáìmù yẹn máa ń ṣiṣẹ́ dáadáa ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà, torí aflatoxin B1, májèlé tó lè wà nínú ẹ̀pà tàbí àgbàdo tó bá bu, kì í ba DNA (èròjà àbùdá inú sẹ́ẹ̀lì) jẹ́ àfi tí ẹ̀dọ̀ bá kọ́kọ́ yí i padà.

Láti mọ̀ bóyá kẹ́míkà kan ti ba DNA jẹ́, wọ́n á fi í sára ìdì sẹ́ẹ̀lì náà. Wọ́n á wá tú sẹ́ẹ̀lì náà ká, wọ́n á rì í sínú agarose, ohun kan tó ń dì bíi jẹ́lì, wọ́n á gbé iná mànàmáná gba inú rẹ̀: DNA tó já á wọ́ jáde bí ìrù ìràwọ̀ onírù.

Ní ti eku, ìlànà 489 ti OECD (àjọ àwọn orílẹ̀-èdè tó ń ṣe ìlànà àyẹ̀wò kẹ́míkà), tó jáde ní 2014 fún irú àyẹ̀wò yìí, ara ẹranko ló wà fún. Ìdì sẹ́ẹ̀lì lè dín iye eku kù, ṣùgbọ́n kò tíì rọ́pò wọn.