Ta Ló Sọ Pé Ọ̀fẹ́ Ni Obìnrin Inuit Ń Jẹ?

Níbi ìkómọ kan ní Ottawa ní Sátidé tó kọjá, bọ̀dá kan gbé àwo ìrẹsì wọn sílẹ̀, wọ́n ní kò sẹ́ni tó ń gbádùn Kánádà tó àwọn ará ilẹ̀ yìnyín yẹn, ìyẹn àwọn Inuit, ọmọ onílẹ̀ ìhà àríwá Kánádà. "Wọn kì í san owó orí. Ìjọba ló ń bọ́ wọn. Àwọn obìnrin wọn kàn ń bímọ ni, kí wọ́n lè máa rí owó ọmọ gbà." Gbogbo tábìlì ń mi orí, bẹ́ẹ̀ kò sí ìkankan nínú wọn tó dé Iqaluit rí, olú ìlú Nunavut, ọ̀kan nínú ilẹ̀ àwọn Inuit. Èmi dé ibẹ̀. Nọ́ọ̀sì ni mí, ó ti di ọdún kẹta báyìí tí mo ti ń lọ ṣiṣẹ́ oṣù méjì-méjì lọ́hùn-ún. Torí pé àgbà ni wọ́n, mo pa ẹnu mọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ò kúrò níkùn mi, n óò sọ ọ́ síbí.

Ẹ jẹ́ kí n ti ibi owó orí bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ ni irọ́ náà ti rinlẹ̀ jù. Òfin kan wà ní Kánádà tó ń jẹ́ Indian Act. Òun ló yọ̀ǹda àwọn kan nínú First Nations (àwọn ọmọ onílẹ̀ mìíràn ní Kánádà), àwọn tí orúkọ wọn wà nínú ìwé ìjọba, pé kí wọ́n má san owó orí lórí owó tí wọ́n bá pa lórí ilẹ̀ tí ìjọba yà sọ́tọ̀ fún wọn. Inuit kì í ṣe First Nations. Ní 1939, ìpínlẹ̀ Quebec àti ìjọba àpapọ̀ gbé ara wọn dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lórí ẹni tí ẹrù Inuit máa wà lọ́rùn rẹ̀, ilé ẹjọ́ sì ní ìjọba àpapọ̀ ni. Àmọ́ nígbà tí wọ́n tún Indian Act kọ ní 1951, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ gbangba pé òfin náà ò kan Inuit. Àyè tí bọ̀dá ń sọ pé wọ́n ń jẹ yẹn, kò sí níbi kankan. Kódà, Nunavut tún ní owó orí tirẹ̀ tí wọ́n ń yọ lára owó iṣẹ́ gbogbo ẹni tó bá ṣiṣẹ́ níbẹ̀, dọ́là méjì nínú ọgọ́rùn-ún, Inuit o, àlejò o.

Mo tiẹ̀ ti fojú ara mi rí i. Èmi àti ẹnì kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́, ọmọ Inuit, ìyá ọlọ́mọ mẹ́rin, gbé ìwé owó oṣù wa síwájú ara wa lọ́jọ́ kan. Bí wọ́n ṣe gé tèmi ni wọ́n gé tirẹ̀. Ibi tí a ti yàtọ̀ ni pé èmi ni wọ́n ń fún nílé tí mò ń gbé, èmi ni wọ́n ń san owó bàálù fún ní àlọ àti àbọ̀. Òun tó jẹ́ onílẹ̀, mẹ́sàn-án ni wọ́n wà nínú ilé oníyàrá mẹ́ta. Nígbà tí mo sọ ohun tí àwọn ènìyàn wa ń sọ fún un, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ìròyìn ò tó àfojúbà.

Bó bá jẹ́ iye ni bọ̀dá fẹ́, ẹ wo èyí. Ẹ to gbogbo àgbàlagbà Inuit tó wà ní ilẹ̀ wọn sórí ìlà, láti orí ẹni tí owó rẹ̀ kéré jù dé orí ẹni tí tirẹ̀ pọ̀ jù. Ní 2015, ẹni tó dúró ní àárín gbùngbùn ìlà yẹn rí 23,485 dọ́là lọ́dún. Ẹ to àwọn tí kì í ṣe ọmọ onílẹ̀ ní àdúgbò kan náà: ẹni àárín tiwọn rí 92,011. Èwo nínú ìlà méjèèjì ló dà bí ẹni tí wọ́n ń kẹ́?

Ẹ ní àwọn obìnrin wọn kì í ṣiṣẹ́? Nínú àwọn Inuit tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba Nunavut, obìnrin ló pọ̀ jù. Àwọn ni akọ̀wé, àwọn ni olùkọ́, àwọn ni ògbufọ̀ tó ń dúró láàrin èmi àti ìyá àgbà tí kò gbọ́ ju Inuktitut lọ. Tí ilẹ̀ bá ṣú, wọ́n tún gbé abẹ́rẹ́: wọ́n ń rán bàtà àti ìbọ̀wọ́ awọ síìlì (ẹran kan tó ń gbé inú òkun), wọ́n ń rán amauti, ẹ̀wù òtútù tí wọ́n fi ń pọn ọmọ, tí ọmọ máa wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀ bí tiwa ṣe ń wà nínú ọ̀já. (Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí i, àárò ilé sọ mí.) Orí Facebook ni wọ́n ń pàtẹ rẹ̀ sí, ẹni tó bá dá owó tó ga jù ló máa gbé e.

Ọjà awọ yìí náà, àwọn ẹlòmíì ló bà á jẹ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Ní 1983, àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù fòfin de awọ ọmọ síìlì funfun. Inuit kì í dọdẹ ọmọ síìlì yẹn. Síìlì tó ti dàgbà ni wọ́n ń pa, wọ́n á sì jẹ ẹran rẹ̀. Ta ló ráyè ìyẹn? Awọ gbogbo ló di ohun tí ẹnikẹ́ni ò rà mọ́, owó ọdẹ àti ti ìyàwó rẹ̀ tó ń ṣe awọ náà bá a lọ. Nígbà tí Yúróòpù tún ṣòfin mìíràn ní 2009, wọ́n yọ Inuit sílẹ̀ nínú rẹ̀, lẹ́yìn tí oníbàárà ti tú ká.

Oúnjẹ ńkọ́? Ìlú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ló wà ní Nunavut, kò sí títì tó so ìkankan pọ̀ mọ́ èkejì. Bàálù ló ń gbé tòmátò wá. Owó tí mo fi ń jẹun ọ̀sẹ̀ kan ní Ottawa, ọjọ́ mẹ́ta ló ń bá mi dé lọ́hùn-ún. Ètò ìrànwọ́ oúnjẹ tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ ní 2011, ọwọ́ àwọn onísọ́ọ̀bù lowó rẹ̀ ń lọ, kì í ṣe ọwọ́ ìyá ọlọ́mọ. Ìwádìí ìlera tí wọ́n ṣe ní 2007 sí 2008 ní Nunavut rí i pé nínú ọmọ Inuit mẹ́wàá tí kò tíì tó ilé ìwé, bíi méje ló wà nínú ilé tí oúnjẹ ò ti dájú.

Ó dáa, ètò kan wà tó ń san owó oògùn, eyín àti awò ojú fún Inuit, mi ò jiyàn. Ọ̀pọ̀ wọn sì ń gbé ilé ìjọba, torí ilé mìíràn ò sí. Ilé ọ̀hún kì í ṣe ọ̀fẹ́: bí owó tó ń wọlé bá ṣe pọ̀ sí i ni owó ilé máa ń ga sí i, débi pé obìnrin tó bá ríṣẹ́ tuntun máa kọ́kọ́ jókòó ṣírò bóyá iṣẹ́ náà máa lérè.

Ti owó ọmọ ló kù. Owó ọmọ kan náà ni ìjọba ń san fún ìdílé káàkiri Kánádà, owó tó ń wọlé fún ìdílé ni wọ́n ń wò, wọn kì í wo ẹ̀yà. Bọ̀dá bí mẹ́ta. Wọ́n ń gbà á lóṣooṣù.

Wọ́n ti pè mí sí ìkómọ mìíràn lóṣù tó ń bọ̀, bọ̀dá náà máa wà níbẹ̀. Ìbọ̀wọ́ awọ síìlì mi ni n óò wọ̀ lọ, èyí tí mo rà lọ́wọ́ ẹni tí a jọ ń ṣiṣẹ́ yẹn. Tí wọ́n bá bi mí léèlò, n óò sọ fún wọn. Kò fún mi lọ́fẹ̀ẹ́.